Nígbà Tí Ìjọba Bá Ṣe Onígbọ̀wọ́: Bí Àwọn Ará Ìgbèríko Amẹ́ríkà Ti Ń Yá Owó Ra Ilé

Kò sí àgbẹ̀ kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí kò mọ ohun tí à ń pè ní onígbọ̀wọ́. Ẹni tí ó fẹ́ yá owó, tí a kò sì mọ̀ dáadáa, ní láti mú ẹnìkan wá tí yóò dúró fún un. Bí ẹni náà bá sì gba owó tán tí ó sá lọ, ọrùn onígbọ̀wọ́ ni a ó so gbèsè mọ́. Nítorí èyí ni àwọn àgbà fi máa ń ronú pẹ́ kí wọn tó gbà láti ṣe onígbọ̀wọ́ fún ọmọ ẹlòmíràn. Ní ìgbèríko ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ìjọba gan-an ni ó gba iṣẹ́ yìí ṣe fún àwọn tí ó fẹ́ ra ilé, ó sì ti ń ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun rere ni, ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó sì ti tipa rẹ̀ di onílé. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í bi títí ọ̀rọ̀ yóò fi bàjẹ́: ta ni ìgbọ̀wọ́ yìí ń dáàbò bò? Ṣé ẹni tí ó gba owó ni, tàbí ẹni tí ó fi owó yáni?

Kí a tó dáhùn, ó yẹ kí a mọ bí ọ̀ràn náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní àtijọ́, ó ṣòro gidigidi ní ilẹ̀ náà fún ẹni tí kò ní owó lọ́wọ́ láti ra ilé tàbí oko. Báńkì a máa béèrè pé kí ó kọ́kọ́ san nǹkan bí ìdajì owó ilé náà, ọdún mélòó kan péré ni a ó sì fún un láti fi san ìyókù. Bí ọjọ́ bá pé tí owó kò sí, tí báńkì sì kọ̀ láti sún ọjọ́ síwájú, ilé lọ nìyẹn. Nígbà tí ìṣòro owó ńlá dé ní ọdún 1929 àti àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé e, ọ̀pọ̀ báńkì wó, àwọn àgbẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀ sì pàdánù oko àti ilé wọn. Ní ọdún 1934 ìjọba dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ láti gba òfò lọ́rùn àwọn báńkì tí ó bá yáni lówó ilé. Èyí ran àwọn ará ìlú ńlá lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ dé ìgbèríko. Báńkì kò pọ̀ níbẹ̀, àwọn tí ó wà sì kéré. Yàtọ̀ sí èyí, owó àgbẹ̀ kì í wọlé lóṣooṣù bí owó akọ̀wé. Ìgbà ìkórè ni ó ń wọlé, bí òjò bá sì kọ̀, ó lè má wọlé rárá. Báńkì kì í fẹ́ràn irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà ni Ilé-iṣẹ́ ìjọba fún Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ṣe dìde sí i. Ní ọdún 1937, òfin kan tí a fi orúkọ àwọn aṣòfin Bankhead àti Jones pè jẹ́ kí àwọn tí ń ro oko olóko lè yá owó ra oko tiwọn, kí wọ́n sì fi 40 ọdún san án ní èlé 3 nínú 100. Ní ọjọ́ 15 oṣù July ọdún 1949, Ààrẹ Truman fi ọwọ́ sí òfin ilé gbígbé, ìpín 502 nínú òfin náà sì fún àgbẹ̀ ní àyè láti yá owó ìjọba kọ́ ilé tàbí láti tún un ṣe. Ní ọdún 1961 a ṣí ilẹ̀kùn náà fún gbogbo ará ìgbèríko, ìbáà ṣe olùkọ́, ìbáà ṣe gbẹ́nàgbẹ́nà, tí kò ní oko kankan. Ní ọdún 1990 ni òfin fi ìgbọ̀wọ́ kún un, pé kí báńkì fi owó tirẹ̀ yáni, kí ìjọba sì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ìpín 502 yìí kan náà ni ó ṣì wà di òní, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ ilé-iṣẹ́ tí ń bójú tó o ti yí padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ó yẹ kí olùkàwé mọ ohun tí wọ́n ń pè ní kọ́ńtì. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní Amẹ́ríkà ni a pín sí ẹkùn ẹkùn. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìpínlẹ̀, kọ́ńtì ni a ń pe ẹkùn bẹ́ẹ̀, olúkúlùkù a sì máa ní ilé-ẹjọ́ tirẹ̀ àti ibi tí a ti ń kọ orúkọ àwọn onílẹ̀ sí ìwé. Kì í ṣe gbogbo kọ́ńtì ni òfin kà sí ìgbèríko. Ìlú tí ènìyàn inú rẹ̀ kò ju 10,000 lọ, tí ó sì rí bí ìgbèríko, wọlé. Èyí tí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ títí dé 20,000 lè wọlé bí ó bá jìnnà sí àgbègbè ìlú ńlá, tí owó yíyá sì ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Àwọn ìlú kan tí a ti kà sí ìgbèríko látijọ́ sì lè dúró síbẹ̀ títí dé 35,000. Ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà mìíràn pé apá kan kọ́ńtì wọlé, apá kejì kò sì wọlé, tí títì kan ṣoṣo ya ilé tí ó yẹ kúrò lára èyí tí kò yẹ. Ìjọba ti ya àwòrán ilẹ̀ fún èyí, ẹni tí ó bá fẹ́ ra ilé a sì máa yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó ná owó kankan.

Ọ̀nà méjì ni ó wà, kò sì yẹ kí a pa wọ́n pọ̀. Ọ̀nà kìíní ni pé kí ìjọba fúnra rẹ̀ yá ènìyàn lówó. Àwọn tí owó wọn kò pọ̀ ni èyí wà fún. A ń wo ìdílé tí ó wà ní àárín gbùngbùn ní àdúgbò náà, èyí tí ìdajì àwọn ará ibẹ̀ ní owó jù, tí ìdajì kò sì tó o. Ẹni tí owó tí ń wọlé fún un kò bá ju 80 nínú 100 tirẹ̀ lọ ni ó lè tọrọ, bí kò bá rí báńkì tí yóò yá a ní ọ̀nà tí agbára rẹ̀ ká. Kò sí owó àsansílẹ̀ tí òfin fi lélẹ̀ fún ẹni tí kò ní owó ní ìpamọ́. Ọdún 33 ni wọ́n máa ń fún ènìyàn láti san án, wọ́n sì lè fún ẹni tí kò lọ́wọ́ rárá ní 38. Ìjọba a sì máa gbé apá kan nínú èlé kúrò lọ́rùn rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí owó tí ń wọlé fún un ti kéré tó, títí tí ohun tí ó ń san fi lè dà bí èlé 1 péré nínú 100.

Kí a fi ìṣirò wò ó, nítorí ìṣirò ni ojú owó. Bí ẹnìkan bá yá 150,000 dọ́là fún ọdún 33, tí èlé rẹ̀ sì jẹ́ 5 nínú 100, yóò máa san nǹkan bí 774 dọ́là lóṣù kan. Bí ìrànlọ́wọ́ ìjọba bá mú un sọ̀ kalẹ̀ dé 1 nínú 100, nǹkan bí 445 dọ́là ni. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì, tí ó ju 300 dọ́là lọ lóṣù kan, tó láti bọ́ àwọn ọmọ. A kò tíì ka owó orí ilé àti owó ìdójútòfò mọ́ ọn, àwọn wọ̀nyí kò sì ṣe é gbàgbé, nítorí owó orí ilé ń bẹ lọ́dọọdún níwọ̀n ìgbà tí ilé bá wà lórí ilẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìrànlọ́wọ́ náà kì í ṣe ẹ̀bùn pátápátá. Bí onílé bá ta ilé náà, tàbí tí ó kó kúrò níbẹ̀, ìjọba a máa wò ó bóyá iye ilé náà ti gòkè. Bí ó bá ti gòkè, ìjọba a gba apá kan padà nínú ìrànlọ́wọ́ tí ó ti ṣe. Kì í gbà ju iye ìrànlọ́wọ́ náà lọ. Ó wà nínú ìwé tí onílé fi ọwọ́ sí ní ọjọ́ kìíní, síbẹ̀ ó máa ń ya àwọn kan lẹ́nu lẹ́yìn ogún ọdún, nítorí pé wọ́n kò kà á. Àwọn ọmọ tí ó jogún irú ilé bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú gbọdọ̀ béèrè nípa rẹ̀ kí wọn tó pín owó.

Ní ọ̀nà kìíní yìí, ìyọ́nú wà fún ẹni tí ìṣòro bá dé bá. Ẹni tí ó bá pàdánù iṣẹ́, tàbí tí àìsàn dá dúró, lè kọ̀wé béèrè pé kí a dá sísan owó dúró fún ìgbà kan, títí dé ọdún méjì. Kì í ṣe pé a dárí gbèsè jì í; a sún un síwájú ni. Ẹni tí ó bá sì dákẹ́, tí kò kọ̀wé, tí ó ń fi lẹ́tà sábẹ́ ìrọ̀rí, kò lè rí oore yìí gbà.

Ọ̀nà kejì ni ìgbọ̀wọ́. Níhìn-ín, báńkì tàbí ayánilówó mìíràn ni ó fi owó sílẹ̀. Owó tí ń wọlé fún ìdílé tí ó ń tọrọ lè tó 115 nínú 100 ti ìdílé àárín gbùngbùn, nítorí náà olùkọ́, nọ́ọ̀sì àti awakọ̀ máa ń wọlé sí i ju ti ìṣáájú lọ. Ọdún 30 ni, èlé rẹ̀ kì í sì yí padà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sí owó àsansílẹ̀. Ṣùgbọ́n owó ìgbọ̀wọ́ wà: 1 nínú 100 ní ìbẹ̀rẹ̀, àti nǹkan díẹ̀, tí kò tó ìdajì 1 nínú 100, lórí gbèsè tí ó kù lọ́dọọdún. Lórí 150,000 dọ́là, 1,500 ni ti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n sì lè fi kún gbèsè kí ẹni náà má baà san án lójú ẹsẹ̀. Bí a bá fi kún un, èlé yóò gun orí rẹ̀ pẹ̀lú.

Nísinsìnyí a lè dáhùn ìbéèrè wa. Bí ẹni tí ó ra ilé kò bá lè san, báńkì yóò gba ilé náà, yóò sì tà á. Bí owó títà kò bá tó gbèsè, ìjọba yóò san òfò náà fún báńkì, títí dé 90 nínú 100 owó tí a yá. Báńkì bọ́ lọ́wọ́ òfò. Ẹni tí ó ra ilé ńkọ́? Ó ti pàdánù ilé, kò sì tán síbẹ̀: owó tí ìjọba san fún báńkì lè di gbèsè tí ẹni náà jẹ ìjọba, ìjọba sì lè gbà á lára owó orí tí ó yẹ kí a dá padà fún un. Nítorí náà, báńkì ni ìgbọ̀wọ́ ń dáàbò bò. Oore tí ó ṣe fún ẹni tí ó gba owó ni pé báńkì tí kì bá tí wò ó lójú gbà láti bá a sọ̀rọ̀. Oore ńlá ni èyí, ṣùgbọ́n oore ẹnu ọ̀nà ni; lẹ́yìn tí ènìyàn bá ti wọlé tán, agbára ọwọ́ ara rẹ̀ ni yóò fi gbé ẹrù náà.

Ohun kan ṣàjèjì nínú ọ̀ràn yìí. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Ilé-iṣẹ́ Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ni ó ni í, a kò lè fi owó náà ra oko tí a ó máa jèrè lórí rẹ̀. Ilé tí onítọ̀hún yóò máa gbé fúnra rẹ̀ nìkan ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ owó oko, ẹ̀ka mìíràn ni yóò lọ. Ilé náà gbọdọ̀ mọ́ níwọ̀n, kí ó dúró gbọin, kí omi rẹ̀ dára fún mímu, kí ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀ sì ní ibi tí ó ń lọ láìṣe ewu. Ọ̀rọ̀ ìgbọ̀nsẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ní Kọ́ńtì Lowndes, ní ìpínlẹ̀ Alabama, ilẹ̀ amọ̀ dúdú ni ó pọ̀. Omi kì í tètè gbẹ nínú rẹ̀, kòtò ìgbọ̀nsẹ̀ lásán kò sì lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Èyí tí ó lè ṣiṣẹ́ wọ́n púpọ̀, nítorí náà ni ọ̀pọ̀ tálákà ṣe ń fi ọ̀pá da omi ẹlẹ́gbin sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré. Irú ilé bẹ́ẹ̀ kò lè gba ìgbọ̀wọ́. Fún àwọn tí ó ti ní ilé tẹ́lẹ̀ tí kò sì dára, ìpín mìíràn nínú òfin náà, 504, ń yá onílé tí kò lọ́wọ́ títí dé 40,000 dọ́là fún àtúnṣe, ní èlé 1 nínú 100 fún ogún ọdún. Ó sì lè fún arúgbó tí ó ti tó ọdún 62, tí kò lágbára láti san án padà, ní ẹ̀bùn títí dé 10,000 dọ́là.

Gbogbo owó wọ̀nyí wà lọ́wọ́ Ilé Aṣòfin, tí ń dá iye rẹ̀ lọ́dọọdún. Bí wọ́n bá ń jà lórí owó, ará ìgbèríko ni yóò dúró. Láti December 2018 di January 2019, nígbà tí apá kan ìjọba ti ìlẹ̀kùn fún ọjọ́ 35, àwọn tí ó ti bá onílé ṣe àdéhùn jókòó láìmọ ìgbà tí ìwé wọn yóò jáde.

Apá kan wà nínú ètò yìí tí yóò dùn mọ́ ẹnikẹ́ni tí ó ti ṣe àáró rí. Ní ìlú kékeré Goshen, ní Kọ́ńtì Tulare ní ìpínlẹ̀ California, àwọn ará Quaker kan bẹ̀rẹ̀ sí ran àwọn alágbàṣe oko lọ́wọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 láti fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ilé. Láti inú iṣẹ́ yìí ni ẹgbẹ́ tí a ń pè ní Self-Help Enterprises ti jáde ní ọdún 1965, ní ọdún 1968 òfin sì gbà pé kí ìjọba máa san owó fún àwọn tí ń kọ́ni ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìdílé mélòó kan a kó ara wọn jọ; olúkúlùkù a yá owó ìpín 502; wọn a sì ṣe nǹkan bí 65 nínú 100 iṣẹ́ náà fúnra wọn, ní ìrọ̀lẹ́ àti ní ọjọ́ Sátidé, lábẹ́ ọ̀gá kan tí ó mọ iṣẹ́ ìkọ́lé. Èmi bá ọ ṣe tìrẹ, ìwọ bá mi ṣe tèmi. Àṣà wọn ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kó wọ ilé tirẹ̀ títí ilé gbogbo wọn yóò fi parí. Àáró tiwa kò le tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọgbọ́n wà níbẹ̀: ẹni tí ó ti wọ ilé tirẹ̀ kì í sábà rántí òrùlé aládùúgbò. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni ó dúró fún owó àsansílẹ̀, gbèsè wọn a sì kéré ju ti ẹni tí ó fi kọ́ngílá kọ́lé.

Ohun tí ó ti dí àwọn ènìyàn lọ́wọ́ jù lọ ní gúúsù Amẹ́ríkà, ní pàtàkì àwọn aláwọ̀ dúdú, ni ọ̀ràn ilẹ̀ ẹbí, òun náà sì ni olùkàwé yóò mọ̀ jù lọ. Lẹ́yìn òmìnira ní ọdún 1865, àwọn tí ó ti jẹ́ ẹrú ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi ra ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kú láìkọ ìwé ìhágún. Wọn kò fọkàn tán agbẹjọ́rò àti ilé-ẹjọ́ ìgbà náà, wọ́n sì ní ìdí. Ilẹ̀ di ti gbogbo ọmọ, lẹ́yìn náà ti gbogbo ọmọ-ọmọ, títí a fi rí ilẹ̀ kékeré tí ó ní onílẹ̀ ọgọ́ta, tí àwọn kan ń gbé ní Chicago tí wọn kò tilẹ̀ rí ilẹ̀ náà rí. Ẹni tí ń gbé orí ilẹ̀, tí ń san owó orí rẹ̀ lọ́dọọdún, tí òrùlé rẹ̀ sì ń jò, lọ sí ọ́fíìsì ìjọba láti yá owó. Wọ́n bi í léèrè ìwé ilẹ̀. Ó mú ìwé bàbá bàbá rẹ̀ jáde. Wọ́n ní kò tó, nítorí pé ayánilówó kò lè gba ohun tí ọgọ́ta ènìyàn ni gẹ́gẹ́ bí ìdógò láti ọwọ́ ẹnìkan ṣoṣo.

Ewu kejì burú ju èyí lọ. Nínú òfin àtijọ́, ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ìpín, bí ó ti wù kí ó kéré tó, lè ní kí ilé-ẹjọ́ ta gbogbo ilẹ̀ náà kí a pín owó. Àwọn oníṣòwò ilẹ̀ mọ èyí. Wọn a lọ ra ìpín ọmọ kan tí ó jìnnà ní owó kékeré, wọn a sì fi í fa ìyókù lọ sí gbàǹjo. Báyìí ni ọ̀pọ̀ ìdílé ṣe pàdánù ilẹ̀ tí bàbá wọn fi òógùn rà. Ní ti àwọn ọ́fíìsì ìjọba pẹ̀lú, wọn kò ṣe òdodo sí gbogbo ènìyàn nígbà náà. Ìgbìmọ̀ ìjọba tí ń rí sí ẹ̀tọ́ ará ìlú jẹ́rìí sí i ní ọdún 1965 pé àwọn àgbẹ̀ aláwọ̀ dúdú kò rí ohun tí ó tọ́ sí wọn gbà nínú àwọn ètò ti àgbẹ̀. Ní ọdún 1968 ni òfin ka ìyàsọ́tọ̀ nípa àwọ̀ léèwọ̀ nínú títà ilé àti yíyá owó ilé.

Ní ọdún 2010, àwọn amòfin ṣe àpẹẹrẹ òfin kan fún àwọn ìpínlẹ̀ láti tẹ̀lé. Ó ní kí a kọ́kọ́ díyelé ilẹ̀ ẹbí, kí a sì fún àwọn ìbátan ní àyè láti ra ìpín ẹni tí ó fẹ́ tà kí ilé-ẹjọ́ tó gbé gbogbo rẹ̀ jáde fún títà. Alabama gbà á ní ọdún 2014, South Carolina ní ọdún 2016, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ mìíràn sì ti tẹ̀lé wọn. Òfin àgbẹ̀ ti ọdún 2018 tún fi àyè sílẹ̀ fún owó tí ìjọba ń yá àwọn ẹgbẹ́ kan ní èlé 1 nínú 100, kí àwọn ẹgbẹ́ náà lè yá àwọn ajogún oko, kí wọ́n fi san owó agbẹjọ́rò àti owó ẹni tí ń wọn ilẹ̀, kí wọ́n sì ra ìpín àwọn ọmọ ẹbí tí kò fẹ́ ilẹ̀ mọ́. Ìdílé tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ a máa kọ́kọ́ kọ orúkọ gbogbo ajogún sílẹ̀ láti orí ẹni tí ó ra ilẹ̀ náà, òkú àti alààyè, a máa wá ìwé ìkú àti ìwé ìgbéyàwó wọn, a sì máa san owó orí ilẹ̀ déédéé nígbà tí iṣẹ́ náà ń lọ lọ́wọ́, nítorí pé kọ́ńtì lè ta ilẹ̀ tí a kò san owó orí rẹ̀ láìdúró de ẹnikẹ́ni.